Sí ọmọ mi tó ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò orí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́ o. Mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní bí o bá bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ní ìṣirò láìsí ìwé àti gègé, àwọn mẹ́ta kan náà ló máa ń nawọ́, àwọn ìyókù a dorí kodò. Má pè wọ́n ní olódo o. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Àyè tí ọmọdé fi ń di 40 mú lọ́kàn títí yóò fi ro 12 kún un kò fẹ̀ rárá. Bí ẹ̀rù bá ti wọ ibẹ̀, ìṣirò ò ráyè dúró mọ́. Gbé aago tí o fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá lé wọn lórí yẹn sílẹ̀ ná.

Bí ọmọ bá dáhùn, ì báà gbà á, ì báà má gbà á, bi í pé, "Báwo lo ṣe rí i?" Ó pẹ́ kí èmi tó mọ èyí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ọmọkùnrin kan máa ń sọ pé bí a bá yọ 38 kúrò nínú 52, 26 ló kù. Mo ń fagi lé e, mo ní kò fọkàn sí i. Ọjọ́ tí mo wá bi í, ó ní, "Mo yọ 2 nínú 8, ó ku 6, mo yọ 3 nínú 5, ó ku 2." Ó fọkàn sí i dáadáa! Èyí tó kéré ló ń yọ kúrò nínú èyí tó pọ̀, ì báà jẹ́ òkè ló wà tàbí ìsàlẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí pé n kò tètè bi í. Mo ní kó gbéra láti 38: kí ló kù kó pé 40? Méjì. Láti ibẹ̀ dé 52 ńkọ́? Méjìlá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní 14.

Kí wọ́n mọ àwọn tó ń para pọ̀ di mẹ́wàá bí ẹni mowó: 1 àti 9, 2 àti 8, 3 àti 7, 4 àti 6, 5 àti 5. Ẹni tó mọ̀ wọ́n, bí o bá pe 8 àti 7, yóò mú 2 nínú 7 fún 8, 5 á kù, ó di 15. (Bí wọ́n bá ń fi ìka kà, má nà wọ́n. Wọn á fi í sílẹ̀ fúnra wọn.)

Àwọn ọmọ rẹ sì gbọ́ Yorùbá, lò ó fún wọn. Wo 47 àti 29. Orúkọ wọn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà: mẹ́tàdínláàádọ́ta, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. 50 àti 30 jẹ́ 80. Mẹ́ta dín níbí, ọ̀kan dín lọ́hùn-ún, mẹ́rin ló dín. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Ọmọ mìíràn lè ro 40 mọ́ 20, kó ro 7 mọ́ 9, kó wá kó 60 àti 16 pọ̀. Òun náà gbà á.

Ìbéèrè yìí gan-an ni kí o bi wọ́n lọ́jọ́ Ajé. Kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n bá gbà dé 76 sójú pátákó, kí o sì kọ̀wé sí mi. Èyí tí àwọn tó ń dorí kodò yẹn bá mú wá ni mo fẹ́ gbọ́ jù.

Èmi ni ìyá rẹ.