Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì, lórí irin ṣáwà tó ń jò

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Chicago, báwo ni Táyé àti Kẹ́hìndé, ṣé òtútù yẹn ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́, ooru ń mú wa gan n'Ìbàdàn, òjò là ń retí. Mo gbọ́ voice note ẹ nípa irin ṣáwà yín, èyí tó yọ lára ògiri tí orí ṣáwà wà lẹ́nu ẹ̀, pé ó ń mì, omi sì ń jò nídìí ẹ̀, àti owó tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san. Ó bọ́ sásìkò, torí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ tiwa ni, èmi fúnra mi, Bàbá Tòmíwá kàn bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú ni. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí ìwọ náà ṣe é.

Irin tó yọ síta yẹn ò le o. Élíbò, ìyẹn páìpù kúkúrú tó tẹ̀ bí ìgúnpá nínú ògiri, tí irin yẹn wọ̀ sí, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Irin tó bá bàjẹ́, wàá ra òmíràn, àmọ́ tí élíbò bá sán, ògiri ni wọ́n máa fọ́. Páìpù rọ́bà tí wọ́n ń pè ní PPR ni tiwa níbí, rọ́bà náà ni élíbò ẹ̀, wọ́n kàn ki bráàsì tó ní tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà bíi ti skúrù, sínú ẹ̀ ni, téèyàn bá wá fipá yí irin yẹn jù bráàsì ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú rọ́bà, táìlì ti di fífọ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ yín, ara igi tó wà lẹ́yìn ògiri ni wọ́n sábà máa ń fi skúrù de élíbò mọ́, tómi bá wá ń jò síbẹ̀ o ò ní tètè rí i, igi á máa rà, ògiri á máa bu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o má fi ọ̀la dọ́la.

Pa omi, fi àkísà dí ihò tómi ń gbà lọ kí nǹkan kékeré má já síbẹ̀. Yọ orí ṣáwà, wé aṣọ mọ́ irin kí sípánà má ha á, kó o máa yí i sápá òsì. Tiwa ti dípẹtà, WD-40, epo tó ń tú ohun tó bá dípẹtà, la fọ́n sí i, a fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo wá ń yí i síwá sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi gbà. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ inú élíbò, kó gbogbo tépù àtijọ́ kúrò.

Tírẹ́ẹ̀dì tépù, tépù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń wé mọ́ tírẹ́ẹ̀dì kómi má bàa jò, wá nìyí. Kọjú ẹnu irin tó ní tírẹ́ẹ̀dì sí ara ẹ, kó o wé e bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, bí ìgbà 4 tàbí 5, kó fún dáadáa bí òwú tí ìyá wa fi ń kó irun fún wa nígbà yẹn. Tó o bá wé e lódìkejì, ńṣe lá máa tú bó ṣe ń wọlé. Ọwọ́ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i wọlé o, kì í ṣe sípánà. Tó bá le látìbẹ̀rẹ̀, ó wọ́ nìyẹn, yọ ọ́. Èyí tó máa ń dùn mí lọ́rọ̀ àwọn púlọ́ńbà míì ni pé tí irin bá ti yí kọjá ìsàlẹ̀ wọ́n á dá a padà sẹ́yìn kó lè kọjú síbi tó yẹ, tépù ti tú nìyẹn, ó máa jò. Má dá a padà. Tó bá ṣì rọ̀, jẹ́ kó yí po lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ò bá rọ̀, tú u kó o wé tépù tuntun.

Kó o tó dá orí ṣáwà padà, ra kápù kékeré half inch, dé e sẹ́nu irin, wá ṣí omi. Omi ò ní rọ́nà jáde, ibi tó bá fẹ́ jò á jò lójú ẹ, tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò ògiri wò ó. Tánkì ló ń fún àwa lómi, gbogbo mítà 1 tó fi ga ju ṣáwà lọ, 0.1 bar péré ni agbára tómi ń ní (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi), omi tiyín lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, torí náà jọ̀ọ́, má fo ibí yìí. Tó o bá fẹ́ fi sìlíkónì lẹ ìdérí róbótó tó wà lára ògiri, fi ìsàlẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, tómi bá ń jò nínú wàá rí i.

Mú òòfà kékeré dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bráàsì gidi ò ní fà mọ́ ọn, irin lásán tí wọ́n fi nǹkan dídán bò ló máa fà mọ́ ọn, ìyẹn á dípẹtà láìpẹ́. Má sì sọ pé kí n ra tiẹ̀ ránṣẹ́ látibí torí pó wọ́n lọ́dọ̀ yín, half inch la jọ ń pè é lóòótọ́ àmọ́ irú tírẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń pè ní BSP ni tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní NPT ni tiyín, wọn ò bára mu.

Ya fọ́tò ìdí irin yẹn fún mi kó o tó fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ àárọ̀ Sátidé yín lo fẹ́ ṣe é, ọ̀sán ti pọ́n níbí nígbà yẹn, màá ti dé látọjà, fi fídíò pè mí ká jọ ṣe é.

Èmi ni,
Ìyá Tòmíwá