Ẹ Bi Ọmọ Náà Fúnra Rẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí n'Ìbàdàn. Ní sáà tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ ọdún 15 kan. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀lẹ ni. Alágídí sì ni." Ọmọ náà ò fọhùn, ó kàn ń fi èékánná họ ara tábìlì. Ìgbà tó ku èmi àti ẹ̀ ló tó sọ pé láti ọjọ́ tí bàbá òun ti kó kúrò nílé, òun kì í rí oorun sùn mọ́.

Ìyá ò parọ́. Ohun tójú rẹ̀ rí ló sọ: abọ́ tí ọmọ ò fọ̀, ilẹ̀kùn tó ń dún gbàmù. Inú ọmọ ni kò rí. Lọ́dún 1987, Thomas Achenbach, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 119 jọ, wọ́n rí i pé ohun tí ọmọ sọ nípa ara rẹ̀ àti ohun tí àgbà sọ nípa rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu. Síbẹ̀, òbí nìkan là ń bi.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀ tán kí ẹ tó bá a wí.

Olùkọ́ kan, Ìbàdàn