Kì í ṣe gbogbo ilé tó ń wá ajá ló yẹ kí á fún ní ajá

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn ènìyàn wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀ ń fi ẹ̀rín gbà. Ọ̀ràn náà ni ti àwọn ọmọ ajá tí a ń rí he létí títì, lọ́jà àti lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, tí àwọn aláàánú máa ń kó wá sílé, tí wọ́n ń bọ́ títí ara wọn yóò fi mókun, kí wọ́n tó wá máa wá ẹni tí wọn yóò fà wọ́n lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ àánú ni, mo sì ń kí gbogbo ẹni tó ń ṣe é. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni bí a ti ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ pé òun fẹ́ ajá ni à ń fún, pàápàá bí ajá náà bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, tó ti jẹ bàtà onílé tó sì ti hú ewébẹ̀ tí wọ́n gbìn, tí gbogbo ilé wá ń gbàdúrà pé kó tètè lọ.

Ajá tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kò sí nípò ọmọ ọwọ́ mọ́, kò sì tíì di àgbà. Eyín àgbà ti pé sí i lẹ́nu ní nǹkan bí oṣù méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, kò sí ẹni tó lè sáré bá a, ṣùgbọ́n làákàyè tí yóò fi kó ara rẹ̀ níjàánu kò tíì dé. Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, akọ pupa aláyà funfun, irú ajá ìbílẹ̀ wa gan-an, tí ẹnì kan so mọ́ igi lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Bìní, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí mo bá sá aṣọ, yóò jókòó sábẹ́ okùn, yóò dorí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa wo apá aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Bí mo bá yíjú pẹ́rẹ́, ó ti fò, ó ti já a, ó ti ń sá yí kànga po pẹ̀lú bùbá mi lẹ́nu, tí ìrù rẹ̀ ń jù fìrìfìrì. Inú kò bí i, orí rẹ̀ kò sì dàrú. Ó fẹ́ kí n wá lé òun ni. N kò tíì sọ ọ́ ní orúkọ olówe tí àwọn àgbà wa máa ń sọ ajá láti fi pa òwe mọ́ aládùúgbò, nítorí kò yẹ kí ẹni tí yóò gbà á jogún ìjà tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Ajá kan náà yìí, bí a bá ti bá a rìn ní ìdájí, tó ti gbóòórùn gbogbo igi ọ̀nà, tó sì ti sáré títí ahọ́n rẹ̀ fi yọ síta, yóò wọlé, yóò mu omi, yóò fi àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ a sì máa jó lórí okùn láìsí ẹni tó yà sí i. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni mo wí, kì í ṣe ọ̀sán, nítorí ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, ọ̀dà títì tí oòrùn ti yan a sì máa bó o ní àtẹ́lẹsẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá gba ajá ni pé, ta ni yóò máa mú un jáde láàárọ̀? Bí ó bá dáhùn pé ọgbà òun tóbi, mo mọ̀ pé kò tíì gbọ́ ìbéèrè mi. Ilẹ̀ kì í bá ajá ṣeré. Ajá tí a dá nìkan fi sínú odindi pulọ́ọ̀tì méjì yóò kàn sùn sẹ́nu géètì ni, tàbí kó gbẹ́ ìdí ògiri títí yóò fi rí ọ̀nà jáde, nígbà tí ajá tó ń gbé yàrá méjì pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń sáré láràárọ̀ yóò wà ní ìbàlẹ̀ ọkàn.

Ibí yìí ni ọ̀ràn ti kan àwa ará ilẹ̀ yìí gan-an. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú, ibi yòówù kó ti máa ṣòwò, yóò kọ́lé sílé, àìmọye ilé ńlá ló sì wà nílùú tí ẹnikẹ́ni kì í sùn inú wọn àfi nígbà Ojúde Ọba, ìsìnkú tàbí ọdún Kérésìmesì. Àwọn onílé wọ̀nyí, tàbí ọlọ́dẹ tó ń bá wọn ṣọ́ ilé, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá ajá ọ̀fẹ́. Ajá tí yóò gbó ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á so ó mọ́ ṣéènì lójúmọmọ, wọ́n á tú u sílẹ̀ lálẹ́, ẹ̀bà tó bá ṣẹ́kù lábọ́ ọlọ́dẹ ni yóò sì máa jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú mi: irú ilé bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ọmọ ajá tí ara rẹ̀ yá, bó ti wù kí onílé náà jẹ́ ènìyàn rere tó. Ajá tí kò rí ibi sá sí nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, eyín ló kù tí yóò lò, ọmọ aládùúgbò tó wá ṣa bọ́ọ̀lù nínú ọgbà ni yóò sì kọ́kọ́ gé jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tí yóò máa pariwo nínú ilé òfìfo, kó lọ ra aago.

Ilé tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìrìn wà, tàbí tí ìyá àgbà ti ń fi ọ̀pá rìn, kò yẹ irú ajá yìí náà, nítorí pé ìfẹ́ ni yóò fi fò mọ́ wọn, ilẹ̀ ni wọn yóò sì bá ara wọn. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ gba ajá tó ti dàgbà. Ní ti àwọn tó ń gbé ilé oníyàrá púpọ̀ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu lánlọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì ro ti àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń gbé, tí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Ajá ni gbogbo ilé yóò padà dá lẹ́bi bí ìjà bá bẹ́.

Ọdẹ àti àgbẹ̀ wà nínú àwọn tí mo máa ń fi tayọ̀tayọ̀ gbà lálejò, nítorí pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn tí yóò gba agbára lára ajá, wọ́n sì mọ bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa ló kúkú sọ pé ajá tó ní ẹni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Síbẹ̀, mo máa ń béèrè nípa tàkúté tó wà lóko, àti ibi tí wọ́n ń kó oògùn apakòkòrò àti oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko sí, nítorí ọmọ ajá a máa fẹnu kan ohun gbogbo.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ajá ni Ògún ń gbà, àwọn kan nínú wa sì ń jẹ ẹran rẹ̀. N kò bá ẹlẹ́sìn kankan jà, ẹni tó sì ń wá ajá fún ìyẹn mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ajá tí a fi àánú gbé nílẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀yìn bá ibẹ̀ lọ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹni tó fẹ́ gba ajá bá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, kó sì fi owó ara rẹ̀ san owó abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ojúgbà mi ní mo le jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí owó abẹ́rẹ́ bá ń dùn báyìí, owó oúnjẹ ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ajá lè lò láyé yóò dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀ràn eré. Inú itọ́ ajá tó ní dìgbòlugi ni àrùn náà ń gbà wọ ara ènìyàn, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ẹni tí ajá gé jẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó tíì yè é ní gbogbo ayé. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá ti lè gba àjẹsára rẹ̀, kí á sì máa tún un gbà nígbà tí dókítà bá dá. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó má ṣe dúró de àgbo. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta fún ẹni tí kò bá rí dókítà nítòsí. Níbẹ̀ náà ni a ti lè tẹ akọ lọ́dàá, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo, nítorí nǹkan bí ọjọ́ 63 péré ni abo ajá fi ń lóyún, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kì í sì í ṣe ohun ìyanu.

Ìgbà tí a fà á lé wọn lọ́wọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe gbé ajá tuntun lọ sí ilé tuntun ní ọ̀sẹ̀ Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ kẹta ọdún, tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin bọ̀ lójúde Awùjalẹ̀, tí ìbọn ń dún tí ìlù ń dáhùn, ajá tí kò tíì mọ ọ̀nà ilé yóò sá lọ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọdé ń yin ohun abúgbàù. Mú un lọ nígbà tí ìlú bá pa rọ́rọ́, fún un ní ibì kan tó lè sá sí, má sì jẹ́ kí àlejò rọ́ wá wò ó. Ó lè kọ oúnjẹ fún ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni yóò fi mọ̀ pé òun ti délé. Àṣẹ́kù ìkókoré aláta alálùbọ́sà kọ́ ni a fi ń ṣìpẹ̀ fún un, nítorí àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Èyí tí a sì máa ń fi pamọ́ jù ni àléébù ajá. A ó sọ pé ó mọ ènìyàn, pé kì í ṣe wàhálà, a kò ní sọ pé ó ń fo ògiri, tàbí pé bí ó bá rí adìẹ, ọ̀ràn dé. Lọ́jọ́ kẹta ni olówó adìẹ yóò wá sílé onílé. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó mú un lọ, ẹ sì jẹ́ kí ó ti yé wọn pé bí apá wọn kò bá ká a, ọ̀dọ̀ yín ni kí wọ́n dá a padà sí, láìsí èébú, kí wọ́n má ṣe tún lọ so ó mọ́ igi létí títì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ yọ̀ǹda igun kékeré kan lójú ewé yín lóòrèkóòrè fún àwọn tó ń wá ilé fún irú ajá báyìí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ orí ajá náà síbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti gbà, ohun tó máa ń bàjẹ́, àti irú ilé tí kò lè gbé. Mo ti kọ ti akọ pupa ọ̀dọ̀ mi sílẹ̀. Mo fi bùbá kún ohun tó ń bàjẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́-fẹ̀yìntì kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.