Abẹ́rẹ́ aláboyún, ọmọ inú ló ni ín

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun.

Ọjà ọmọ tuntun ni mò ń tà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn: fìlà ọmọ, ọ̀já, òwú, àdí, bíléèdì, gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì máa ń kọ sínú lísìtì ìbímọ. Àwọn aláboyún máa ń jókòó sinmi lọ́dọ̀ mi, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ klíníìkì. Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn nípa abẹ́rẹ́ ipá, ìyẹn tẹ́tánọ́ọ̀sì, kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ọ̀kan á ní, "Ìṣó tó dógùn-ún wo ló gún mi tí wọ́n fi ní kí n wá gba abẹ́rẹ́ ipá?" Òmíràn á ní òun ti gba ẹyọ kan, ó ti tó. Òmíràn, oyún ti wọ oṣù kẹjọ, kò tíì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ inú yín ló ni abẹ́rẹ́ yẹn jù yín lọ. Bí wọ́n bá gún ìyá, ara rẹ̀ á ṣe èròjà tó ń bá kòkòrò àrùn jà, ibi ọmọ á sì máa gbé e láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin ló ti ń kọjá díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oyún ni èyí tó pọ̀ jù ń wọlé, débi pé ọmọ tó pé oṣù lè ní in ju ìyá rẹ̀ gan-an lọ. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í rí tó bẹ́ẹ̀ gbà. Ibà tó bá wọ inú ibi náà lè dín ohun tó ń kọjá kù. Nítorí náà, nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún yín, ẹ jọ̀ọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ ta á sí, ẹ má fi ṣọgbà ẹ̀fọ́.

Inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò ipá ń gbé. Ìwọ́ tí wọ́n fi bíléèdì ẹlẹ́gbin gé, tàbí tí wọ́n fi eérú tàbí ọṣẹ ìfọyín sí, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ọmọ á mu ọmú dáadáa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, á sì máa ké bí ọmọ. Láti ọjọ́ kẹta títí dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni wàhálà lè dé. Ó fẹ́ mu ọmú, ẹnu kò là. Ẹ fọwọ́ kàn án, ara á gan, orí àti ẹsẹ̀ á fà sẹ́yìn. Mo rí i ní agboolé wa nígbà tí mo wà lọ́mọge. Giri ni àwọn àgbà pè é, ìtọ̀ màálù ni wọ́n ń wá kiri. Ọmọ náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì láyé.

Abẹ́rẹ́ tí ọmọ ń gbà lọ́jọ́ ìbí, ti ikọ́ ife àti ti mẹ́dọ̀wú, kò sí ti ipá nínú rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó gba ti ipá àkọ́kọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ohun tí ìyá fún un nínú oyún nìkan ló ní.

Aláboyún tí kò gbà á rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni: àkọ́kọ́ ní gbàrà tó bá forúkọ sílẹ̀, èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán sí ọjọ́ ìbí. Ẹni tó dé klíníìkì nígbà tí ìrora ìrọbí ti ń mú un, ìgbà wo ló fẹ́ rí i gbà? Tó bá gbà á pé márùn-ún lápapọ̀, ó ti tó fún gbogbo ọdún ọmọ bíbí rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Mo gbà á nínú oyún àkọ́bí mi, mo sì bí ìbejì lẹ́yìn ìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ọmọ tuntun 787,000 ni ipá pa lágbàáyé ní 1988. Nígbà tó fi di 2018, ó ti wálẹ̀ sí 25,000. Abẹ́rẹ́ ìyá àti ìgbẹ̀bí tó mọ́ tónítóní ló ṣe é.

Mo lọ bá ọmọ mi wẹ ọmọ tuntun ní Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún tó kọjá. Nínú oyún ni wọ́n ti gún ìyá ọmọ náà fún ikọ́ líle, èyí tí ọmọ jòjòló máa ń hú títí tí kò fi ní lè mí. Oṣù Kẹwàá 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ikọ́ náà ń pa ọmọ. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n ti fi ti kòkòrò àrùn RSV tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ jẹ́ kún un, láti ọ̀sẹ̀ 28 oyún. Kò sí ìyá tó dúró kí òun kọ́kọ́ máa húkọ́ kó tó gbà á. Àwọn méjì yẹn kò tíì sí nínú ètò tiwa, àmọ́ ti ipá wà, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ̀yin ìyá tó ń gbẹ̀bí ní ilé àbíyè ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin agbẹ̀bí ìbílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ kí ẹ tó gba aláboyún. Ẹni tí kò bá ní, ẹ ní kó lọ gbà á, kó padà wá bá yín. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má fi owó ọkọ̀ ọjọ́ klíníìkì falẹ̀.

Olóòtú, ẹ bá wa tẹ ìgbà tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ márààrún sójú ìwé àwọn obìnrin, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Màá gé e, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìsọ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo so fìlà ọmọ sí, kí wọ́n lè kà á kí wọ́n tó sanwó.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.