Sí Àkànní, lórí ọ̀rọ̀ àjíǹde

Àkànní ọmọ mi,

Owó tó o fi ránṣẹ́ ti wọlé. Mo fi san owó iná, mo fi èyí tó kù ra gààrì. Ọlọ́run á bù kún ọ. Ṣùgbọ́n mo pè ọ́ títí, o ò gbé fóònù. O kàn kọ ọ́ ránṣẹ́ pé o wà ní ìpàdé. Ìpàdé wo ni wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ Ẹtì mọ́ ọjọ́ Ajé?

Mo mọ ohun tó o ń sá fún. Àǹtí rẹ ti Mọ́lété ti sọ fún mi. Ó ní níbi ìkómọ tí ẹ lọ ní Àbújá, o jókòó sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, o ní bí Jésù jíǹde bí kò jíǹde, kò já mọ́ nǹkan kan, pé ìwà rere tó kọ́ wa ló ṣe pàtàkì. Ẹ sì rẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ ní irọ́ ni, torí àǹtí rẹ mọ ọ̀rọ̀ í bù mọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n o ò gbé fóònù.

N kò bínú pé ò ń ṣiyèméjì. Tọ́másì ṣiyèméjì, Jésù ò lé e jáde. Nígbà tí àwọn obìnrin ti ibojì dé, Lúùkù kọ ọ́ pé bí ìsọkúsọ ni ọ̀rọ̀ wọn rí lójú àwọn àpọ́sítélì fúnra wọn. Àwọn ará Áténì fara balẹ̀ gbọ́ Pọ́ọ̀lù títí ó fi dé orí àjíǹde, ni àwọn kan bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rín tí ẹ rín yẹn kì í ṣe ọ̀làjú tuntun o. Bó o bá ní o ò gbà á gbọ́, màá sunkún, màá gbàdúrà, a ó sì jọ sọ ọ́. Àmọ́ "kò já mọ́ nǹkan" yẹn ni n kò lè gbé mì. Pọ́ọ̀lù tó jẹ pàṣán nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 15, ó ní bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìwàásù àwọn, asán ni ìgbàgbọ́ wa, a ṣì wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ wa, àwọn tó sùn nínú rẹ̀ sì ti ṣègbé. Ó ní ẹlẹ́rìí èké gan-an ni àwọn. Ìgbàgbọ́ tí ẹ yọ àjíǹde kúrò nínú rẹ̀, àkàrà tí kò ní ẹ̀wà ni. Kí lẹ fẹ́ dín?

Ìwé tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ìtàn tí wọ́n jókòó hun lẹ́yìn tí gbogbo ẹlẹ́rìí ti kú tán. Kò ju nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn ikú Jésù tí Pọ́ọ̀lù kọ ọ́. Ó ní àwọn ará tó lé ní 500 ló rí i lẹ́ẹ̀kan náà, púpọ̀ nínú wọn sì wà láàyè. Ẹni tó ń purọ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Pétérù tí ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin kan dẹ́rù bà, Jerúsálẹ́mù náà ló ti dìde láti wàásù. Ìwà rere ló gbé e dìde?

Páànù ẹ̀yìnkùlé ti ṣí nínú òjò tó kọjá. Lékan ní òun á wá kàn án, ó ti ń "bọ̀" láti oṣù tó kọjá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù, Àkànní, kì í ṣe ohun tí ará ìjọ máa sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé mi sọ̀kalẹ̀, tí àlùfáà bá ní kí àkọ́bí bu erùpẹ̀, kí ni wàá dì mú? Ìwà rere mi? Mo mọ ìwà mi.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàbá yín lọ, fún ìgbà pípẹ́, tí a bá ń ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, tí a dé "àjíǹde ara", ẹnu mi á pa dé. Ìwọ ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O bi mí nígbà yẹn pé ibo ni bàbá wà, mo ní kó o lọ fọ abọ́. Bóyá ibẹ̀ lo ti kọ́ ọ. Kì í ṣe àlàyé ló là mí lẹ́nu. Mo ń tu àwọn opó ẹgbẹ́ wa nínú, mo wá rí i pé bí àjíǹde kò bá sí, irọ́ ni mo ń pa fún wọn lórí ìbànújẹ́ wọn.

Nígbà tí Lékan bímọ, wọ́n sọ ọ́ ní Babátúndé. Mo jó. Orúkọ dáa, ọmọ náà sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá yín. Bàbá yín fúnra wọn ni mo fẹ́ rí, tòun ti àpá tí ayùn dá sí wọn lọ́wọ́. Jésù jíǹde tòun ti àpá ìṣó, ó sì jẹ ẹja níwájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn ni mo gbà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo ń lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú orúnkún yìí?

O tún máa sọ pé ilé ìwé ni àwọn òyìnbó ìjọ wá kọ́. Lóòótọ́, Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n sì dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Kúdẹtì. Ebi pa wọ́n nígbà Ogun Ìjàyè, wọn ò sì lọ. Ìrètí wo ló dá wọn dúró? Ro ó.

Olóríkunkun, bàbá rẹ lo jọ. Ka orí 15 yẹn, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n máa ń kà níbi ìsìnkú nìkan. Kó o wá sílé ní Àjíǹde, ká jọ bá ìjọ jáde lọ ṣe "Gálílì" lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, kó o bá mi jiyàn lójúkojú. Èmi ò ní sunkún. Bí ọkọ̀ bá já ọ sí Ìwó Road lálẹ́, má gun ọ̀kadà. Pe Lékan kó wá gbé ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.