Wáàtì 50 fún mítà kan kì í ṣe ìṣirò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo fara mọ́ ìmọ̀ràn yín pé kí àwọn èèyàn wa tó nílé ní Lọ́ńdọ̀nù yọ bọ́ílà gáàsì, kí wọ́n fi heat pump tó ń fa ooru inú ilẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé mítà kọ̀ọ̀kan bọ́ọ̀hóòlù, ìyẹn ihò jíjìn tí páìpù ẹ̀rọ náà ń gba inú rẹ̀ kó ooru, á mú wáàtì 50 wá níbikíbi. Àfojúbù nìyẹn.

Ẹ mú ilé tó ń fẹ́ kìlówáàtì 8 lọ́jọ́ tí òtútù mú jù, tó sì ń lo yúnìtì (kìlówáàtì-wákàtí) ooru 16,000 lọ́dún, omi wíwẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ bá ń fi yúnìtì iná 1 pèsè ooru 4, yúnìtì 12,000 ló ń ti inú ilẹ̀ wá lọ́dún. Lọ́jọ́ òtútù yẹn, kìlówáàtì 6 nínú 8 ló ń ti ibẹ̀ wá. Àfojúbù yín á ní kí wọ́n gbẹ́ mítà 120. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń fà lọ́dọọdún ló ń tán bọ́ọ̀hóòlù lókun, kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ẹ pín 12,000 yẹn sí gbogbo wákàtí ọdún: ó tó wáàtì 11 fún mítà kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru. Nínú amọ̀ tútù, tí agbára rẹ̀ láti gbé ooru kọjá jẹ́ 1.7 (wáàtì fún mítà kan fún dígírì kan), ìyẹn á fa ìwọ̀n ooru ara ihò wálẹ̀ ní dígírì 6 sí 7 láàárín ọdún 20. Nígbà tí ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 12, dígírì 5 sí 6 péré ló kù fún òtútù líle kó tó dé òdo. Ó lè má tó. Nínú yanrìn gbígbẹ, tí agbára tirẹ̀ jẹ́ 0.4, ìwálẹ̀ náà á ju 20 lọ, ẹ̀rọ á sì kú kí ọdún 20 tó pé. Ìdí nìyẹn tí tábìlì ọdún 2001 ti VDI 4640, ìlànà àwọn ẹnjiníà Jámánì, kò fi fún yanrìn gbígbẹ ju wáàtì 25 fún mítà kan lọ. Ìlànà MCS, ètò tó ń fọwọ́ sí àwọn tó ń fi irú ẹ̀rọ yìí sílé ní Britain, náà ní kí omi tó ń wọ ẹ̀rọ má lọ sábẹ́ òdo fún ọdún 20. Iṣẹ́ Per Eskilson ní Yunifásítì Lund lọ́dún 1987 ló jẹ́ ká lè ṣe irú ìṣirò ọlọ́dún gígùn yìí.

Bí ihò bá jẹ́ méjì, ẹ fi mítà 6 sáàárín wọn, ó kéré tán, kí wọ́n má bàa máa jí ooru ara wọn.

Inú ihò náà ń fa wàhálà tirẹ̀. Agbára bentonite lásán, amọ̀ tí wọ́n fi ń dí àyè tó yí páìpù ká, láti gbé ooru kọjá kò ju 0.8 lọ, bí wọ́n bá po yanrìn mọ́ ọn, ó lè dé 2. Láti ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti fi páìpù tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí wọ́n bá dà á láti òkè, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, ooru kò sì ní kọjá dáadáa. Glycol, tí wọ́n ń pò mọ́ omi inú páìpù kó má bàa dì, náà ń ki nínú òtútù. Bí pọ́ǹpù bá kéré, omi á máa rọra wọ́, kò ní gba ooru lára páìpù.

Kí onílé tó fọwọ́ sí ìwé, kó béèrè fún ìṣirò tí a kọ sílẹ̀: irú ilẹ̀, ìwọ̀n ooru rẹ̀, yúnìtì ọdọọdún àti ọdún 20. British Geological Survey, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ Britain, ní àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀hóòlù àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo èyí tó sún mọ́ àdúgbò yín.

Ẹni tó bá ń gbèrò àtigbé e lọ sí Ìbàdàn láti fi mú ilé tutù, ilẹ̀ ibẹ̀ sún mọ́ dígírì 27. Ooru là á máa dà sínú rẹ̀ látọdún dọ́dún, láìsí ìgbà òtútù tí a ó fà á jáde.

Òǹkàwé yín,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù