Àkànbí, Ṣé O Gbọ́ Èkejì?

Òkè-Fìà, Òṣogbo
Alẹ́ Jímọ̀

Àkànbí ọkọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé ara rẹ le? Ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí mo gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn, mo ń kà á. Kì í ṣe tìtorí owó ni mo fi ń kọ̀wé o, jọ̀ọ́, má rò ó bẹ́ẹ̀. Owó oṣù tó kọjá kò dé, a sì jẹun. Páànù tuntun kò jò. Kànga ti ń sun dáadáa látìgbà tí òjò ti dúró ire. Ewúrẹ́ alámùúlégbé wa tún ti jẹ ewédú mi tán lẹ́yìnkùlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti mọ̀wé kà, gbogbo àkọlé ṣọ́ọ̀bù láti ilé dé Ọláìyá ló ń kà sókè bí ẹni ń kéwì.

Ohun tó gbé bíírò lé mi lọ́wọ́ nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ Ìyá Aláta sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Sìdí, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, ẹ wá wo Bùọ̀dá Àkànbí lórí fóònù.” Inú ọmọ náà ń dùn. Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun gbé wá.

Fídíò náà kò pé ìṣẹ́jú kan. Òkùnkùn, iná tọ́ọ̀ṣì, omi tó dúró láàárín irin méjì, eku kan tó sá kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo rí bàtà funfun kan tí mo mọ̀, nítorí èmi ni mo fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ìrìn-àjò rẹ ku ọ̀la. Ẹsẹ̀ rẹ òsì wà lẹ́bàá irin kan tí wọ́n fi pákó bò lórí. Ọkọ̀ ojú irin dé bí ààrá. O fẹ̀yìn ti ògiri, o tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ ọkọ̀ náà ń gbọn apá ẹ̀wù rẹ bí àsíá. Nígbà tó kọjá tán, o rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ìwọ ni lóòótọ́, nítorí látìgbà tí mo ti rí bàtà yẹn ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé ẹnìkan ló yá a lọ́wọ́ rẹ.

Àǹtí Sìdí gba fóònù náà, ó wò ó dé ìparí, ó sì dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Kò sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to agolo mílíìkì tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ló tó bi mí, kò wojú mi: “Ṣé ó gbọ́ èkejì?”

Mo mọ ohun tó ń bèèrè. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n. N ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ wí ná.

Kí lo wá débẹ̀? Ìwé la ní kí o lọ kà ní New York, àbí iṣẹ́ òkété? Mo pe àbúrò bàbá rẹ ní Bronx lálẹ́ ọjọ́ náà. O mọ̀ pé ojú irin ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Mo ròyìn ohun tí mo rí fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé owó fóònù mi ló tán. Wọ́n ní irin tí pákó bò yẹn ni wọ́n ń pè ní irin kẹta, òun ló ń gbé iná fún ọkọ̀, 625 volts ni. Iná ilé wa níbí, 230 ni, o sì rántí bó ṣe gbé ọmọ oníṣẹ́ iná yẹn nalẹ̀ lójúde wa, tí a ń da omi sí i lójú tí a ń pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní pákó yẹn kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń tẹ̀. Wọ́n ní kò sí wákàtí kan tọ̀sán-tòru tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ New York ń sinmi, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́ pé ó ti di òru, iṣẹ́ ti parí. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ náà, tí wọ́n wọ ẹ̀wù tó ń dán nínú òkùnkùn, kì í sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹni tó dúró pẹ̀lú àtùpà àti àsíá tó ń ṣọ́nà fún wọn. Síbẹ̀, ọkọ̀ ti pa nínú wọn. Wọ́n ní ibi tí wọ́n bá kun ilà pupa àti funfun sí lára ògiri, ìkìlọ̀ ni, àyè ènìyàn kò sí níbẹ̀ bí ọkọ̀ bá dé. Àkànbí, kí o tó fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, ṣé o wò ó?

Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè Àǹtí Sìdí. Wọ́n ní òun gan-an ló ń ba àwọn lẹ́rù jù. Ọ̀nà púpọ̀ níbẹ̀, irin ọkọ̀ mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, méjì fún ọkọ̀ tó ń dúró ní gbogbo sítéṣàn, méjì fún èyí tó ń fo àwọn kan. Bí ọ̀kan bá ń kọjá, ariwo rẹ̀ á kún ihò náà, á máa gbá ògiri padà, etí kò ní mọ ibi tó ti ń bọ̀ mọ́. Ọkọ̀ a máa ti afẹ́fẹ́ síwájú kó tó dé, ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ sì gbójú lé, pé afẹ́fẹ́ á sọ fún àwọn. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ ọ̀kan bá ṣì ń fẹ́, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ti èkejì? Ọ̀kan á bo èkejì mọ́lẹ̀. Mo tún fídíò náà wò lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí o rẹ́rìn-ín, o gbé ẹsẹ̀ sórí irin kejì, o ò wo apá ọ̀tún. O ò wò ó.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mi ò rí ẹwà ibẹ̀. O rántí òru tí o pè mí lọ́dún tó kọjá, tí o ń ròyìn sítéṣàn City Hall fún mi? O ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1904 ni wọ́n ṣí i, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà kọ́kọ́ gbéra, wọ́n sì tì í pa lópin ọdún 1945 torí pé ibi tí èrò ń dúró sí tẹ̀ bí ọrun, ó kúrú fún ọkọ̀ gígùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. O ní àjà rẹ̀ rí bí inú igbá tí a dojú rẹ̀ dé, táìlì ni wọ́n fi tò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, gíláàsì sì wà lókè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Wọ́n ń pe ìrun àsùbáà níbí, mo ṣì ní kí o máa sọ ọ́ lọ. Inú mi dùn pé mo bí ọmọ tí ojú rẹ̀ ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ ní ọkọ̀ nọ́ńbà 6 a máa gba ibẹ̀ yí padà lẹ́yìn sítéṣàn Brooklyn Bridge, ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á rí i lójú fèrèsé. Wọ́n tún ní New York Transit Museum ní Brooklyn a máa mú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn ín. Forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá ga, n ó ta òfì ìgbéyàwó mi, mi ò ní bínú.

Òfin pẹ̀lú ń bẹ. Ìwé ọmọ iléèwé lo fi wọ ilẹ̀ onílẹ̀, bí ọlọ́pàá bá mú ọ ní ibi tí òfin ní kí o má dé, o mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìyẹn kò tilẹ̀ ká mi lára tó èyí tí mo fẹ́ bi ọ́ yìí: ta ló di fóònù mú? Ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ tó ń yà ọ́. Ọmọ ta ni? Ìwọ lo wà níwájú, òun ló ń tẹ̀lé ọ. Ṣé o wẹ̀yìn wò ó nígbà tí o dá irin kejì kọjá?

Láti kékeré la ti ń sọ fún ọ pé lọ́rì ló gbá Àǹtí Sìdí lọ́nà Ìkìrun. Irọ́ ni. Bàbá wa ló pa irọ́ náà, gbogbo wa la sì jọ gbé e. Ojú irin ló ti rí i. Èmi ni mo mú un débẹ̀.

Ọdún 1976 ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, òun jẹ́ mẹ́sàn-án. Ìyá wa ń dín àkàrà, àwa ń gbé e lọ tà ní sítéṣàn rélùwéè wa níbí. Bí ọkọ̀ èrò bá wọlé láti Kánò, a ó sáré tẹ̀lé e kó tó dúró, èrò á na owó lójú fèrèsé, a ó na àkàrà sókè. Bí ọkọ̀ bá ṣí tí ẹnìkan kò tíì sanwó, èmi á di irin ẹnu ọ̀nà mú, n ó gun inú rẹ̀, n ó gbowó mi, n ó sì fò sílẹ̀ kó tó jáde nílùú. Nígbà tó yá, kì í ṣe owó mọ́. Mo ń gùn ún bí wọ́n bá tiẹ̀ ti sanwó tán. Afẹ́fẹ́ á kún inú bùbá mi, ilẹ̀ á máa sá lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, àwọn ọmọkùnrin á máa pàtẹ́wọ́. Kò sí ìyá, kò sí igbá, kò sí gbèsè. Ẹ̀rín tí o rín nínú ihò yẹn, mo ti rín in rí. Mo mọ bó ṣe ń dùn, òun ló jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà mí tó báyìí.

Sìdí ń wò mí ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́ran láti Òkè Ọya ń lọ síwá sẹ́yìn lójú irin kìíní, wọ́n ń so ó pọ̀, irin ń han, màlúù ń ké. Mo ní ká gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ká lè ṣáájú àwọn ọmọ yòókù dé ìdí ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀. Sìdí ní òun ò lọ. Mo ní, “Ojo.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo sọ nìyẹn. Mo sáré kọjá, mi ò wẹ̀yìn. Ó gbé igbá rẹ̀ karí, ó tẹ̀lé mi. Ariwo ẹran àti ti irin ti dí i létí. Kò gbọ́ èkejì.

Àkàrà ni mo kọ́kọ́ rí, ó fọ́n ká sórí òkúta láàárín irin, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí i. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa á. Àkànbí, mo ń ṣa àkàrà nígbà tí àbúrò mi ń ké, torí mo ń rò pé ìyá wa á nà mí. Bàbá rẹ kú láìgbọ́ èyí lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì ni dókítà gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Bàbá wa ní lọ́rì ni kí a máa wí, kí aráyé má bàa máa pè mí ní ẹni tó gé àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn gbà bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn. Títí dòní, bí ẹnìkan bá bi í, “lọ́rì ni” ló máa ń wí. Ìdajì owó bààlúù rẹ, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti jáde. O kò mọ̀, òun ló ní kí n má sọ.

Mo jókòó láti pàṣẹ fún ọ ni. Mo rí i pé mi ò lẹ́nu àṣẹ. Ṣebí èmi náà ni mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí o gun òpó táńkì omi nílé ní ọmọ ọdún méje? Bàbá rẹ ń bínú, èmi ń pè ọ́ ní akọni. Dárí jì mí fún pípàtẹ́wọ́ yẹn.

Ọmọ Ìyá Aláta ní àwọn tó ń ṣe irú fídíò bẹ́ẹ̀ ń rí owó níbẹ̀. Mi ò tíì sùn dáadáa látìgbà tó ti sọ ọ́. Owó páànù tí o fi ránṣẹ́ lóṣù Kẹta, ṣé inú ihò yẹn lo ti rí i? Dá mi lóhùn tòótọ́. Bó bá jẹ́ níbẹ̀ ni, n ó ní kí káfíńtà wá tú u, kí òjò máa rọ̀ lé wa lórí.

Mo ti ya àwòrán lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá rẹ, wọ́n ní àwọn á tẹ̀ ẹ́, àwọn á sì fi ọwọ́ ara àwọn gbé e fún ọ. Má bínú sí wọn. Jẹun. Ọrùn rẹ ti tín-ín-rín nínú fídíò yẹn.

Mo ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí fún Àǹtí Sìdí kí n tó fi ránṣẹ́, àti ibi àkàrà. Ó ti mọ̀. Ó ní òun rí mi látorí ilẹ̀ tí òun wà. Ọdún mélòó rèé. Ó ní kí n má pa á rẹ́, kí n sì sọ fún ọ pé òun fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ fúnra òun. Bí a bá gbọ́ aago mẹ́wàá alẹ́ níbí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ. A ó jọ jókòó ti fóònù lálaalẹ́ títí wàá fi pè. Òun ló máa gbé e.

Èmi ni,
Ìyá rẹ